Àwọn Tọkọtaya Tí Ń Ṣí Lọ Kì Í Ṣe Ìsáǹsá

Ní ìpàdé ẹ̀ka Ẹgbẹ́ wa ti oṣù tí ó kọjá, a gbé àbá kan kalẹ̀ tí a kò ráyè gbé yẹ̀wò tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Àbá náà ni pé, láti ìsinsìnyí lọ, ọmọ ìlú yòówù tí ó bá jẹ nínú owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ti ìlú, tí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ sì kó lọ tẹ̀dó sí ìlú mìíràn kí ọdún 10 tó pé, kí a máa ka orúkọ wọn sókè ní ọjọ́ àpéjọ ọdọọdún gẹ́gẹ́ bí ìsáǹsá, kí a má sì ṣe fún wọn ní àyè láti dá sí ọ̀ràn ìlú mọ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbà kan mi orí wọn síwá sẹ́yìn. Èmi tí mo jókòó lẹ́bàá fèrèsé kò pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n n kò sọ̀rọ̀ pẹ̀lú; ìtìjú ìdákẹ́ náà ni kò sì jẹ́ kí n sùn dáradára ní òru ọjọ́ náà. Nítorínáà ni mo ṣe bẹ Olóòtú pé kí ó fún mi ní àyè nínú ìwé ìròyìn wa yìí, kí n lè wí ohun tí ó yẹ kí n ti wí ní ojúkojú.

Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ẹnìkan ní ìpàdé, ṣùgbọ́n kò sí àjèjì láàárín wa. Gbogbo wa ni ó mọ àwọn méjì tí a torí wọn dá àbá náà. Tọkọtaya ni wọ́n, olùkọ́ ni àwọn méjèèjì, ọ̀dọ̀ wa ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni wọ́n sì ti kọ́ iṣẹ́ náà. N kò ní dárúkọ wọn níhìn-ín, nítorí wọn kò rán mi níṣẹ́. Bí wọ́n bá sì mọ̀ pé mo ń kọ ìwé yìí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n bẹ̀ mí pé kí n jáwọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn wọn bí mo ti mọ̀ ọ́n, kí àwọn tí ó ti gbọ́ ẹ̀gbẹ́ kan lè gbọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìlú ni ó san owó ẹ̀kọ́ ìyàwó fún ọdún 3 tí ó lò lọ́dọ̀ wa kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ó padà wá sí ìlú, ó sì kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6 gbáko, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń kọ́ àwọn tí ó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣirò. Ní ọdún tí ó kọjá, obìnrin kan ní àdúgbò wọn rọbí ní òru. Wọ́n gbé e dé ilé ìgbẹ̀bí, àgádágodo ni wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà. Agbẹ̀bí kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀ ti lọ kí àwọn ènìyàn tirẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, a kò sì lè bá a wí, nítorí òun náà ní ìyá. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀, kí ọkọ̀ náà sì tó la kòtò ojú ọ̀nà wa kọjá dé ìlú tí dókítà wà, ọmọ inú ti kú. Ìyá yè é, pẹ̀lú ìnira púpọ̀. Olùkọ́ wa yìí ni ó gbé orí aláìsàn náà lé itan nínú ọkọ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn èyí ni ó lọ ra fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kan ní Ìbàdàn.

Wọ́n gbà á wọlé. Òun àti ọkọ rẹ̀ sì jókòó, wọ́n gbìmọ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé àwọn kì yóò pín ilé sí méjì. Ọkọ yóò fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, yóò bá aya rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn méjì, yóò sì kọ́ iṣẹ́ iná sólà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan níbẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì hu irùngbọ̀n. Wọ́n ti ta àga, wọ́n ti ta ẹ̀rọ amúnáwá. Wọ́n ti lọ dọ̀bálẹ̀ àti láti kúnlẹ̀ fún àwọn òbí ní ìhà méjèèjì. Ní Ọjọ́ Ajé tí ó kẹ́yìn oṣù yìí ni wọn yóò kó lọ.

Àwọn wọ̀nyí ni a fẹ́ pè ní ìsáǹsá.

Ọ̀ràn owó ni kí n kọ́kọ́ mú kúrò lọ́nà, nítorí òun ni a fi bo ìyókù mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ìlú ti náwó, ìlú sì gbọ́dọ̀ jèrè. Ó dára. Mo ní ọ̀kan nínú ìwé àdéhùn náà lọ́wọ́, nítorí èmi ni mo bá ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Kò sí iye ọdún kankan nínú rẹ̀. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí ọmọ náà jẹ́ ẹni tí ó yẹ ìlú sí, kí ó má sì ṣe fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe ohun ìtìjú. Bí a bá fẹ́ ọdún 10, kí a kọ ọdún 10 sínú ìwé, kí a kà á sí etí àwọn òbí kí ọmọ tó gba kọ́bọ̀. Ẹni tí ó bá ta iṣu ní iye kan, tí ó wá tọ olùrà lọ sí ilé lẹ́yìn tí iṣu ti jiná láti ní kí ó fi owó kún un, a mọ orúkọ tí a ń pe irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀ ní ọjà wa. Ọdún 6 ni ọmọbìnrin yìí fi kọ́ àwọn ọmọ yín. Nínú ọdún 6 náà, àwọn oṣù wà tí owó oṣù kò dé, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó gbé àbá kalẹ̀ ní ìgbà náà.

Ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n pa òwe odò fún wa. Wọ́n ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Òtítọ́ ni òwe náà, mo sì máa ń pa á fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi etí sí i dáradára: gbígbàgbé ni òwe náà bá wí, kì í ṣe ṣíṣàn. Omi tí ó bá kọ̀ tí kò kúrò ní orísun rẹ̀, a kì í pè é ní odò. Àbàtà ni à ń pè é, ẹ̀fọn ni ó sì máa ń bí.

Ẹnu yà mí jù lọ pé agbègbè tiwa yìí, Òkè-Ògùn, ni irú àbá bẹ́ẹ̀ ti jáde. Ṣé a kò mọ ìtàn ara wa ni? Nígbà tí ogun le àwọn Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé ní ọ̀rúndún 16, Ìgbòho ni wọ́n ṣí wá, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti jọba. Aláàfin mẹ́rin ni a sin sí Igbó Ọba títí di òní. Òkèhò tí a ń pè ní ìlú àtayébáyé, ibi tí ó wà lónìí kọ́ ni ó wà kí ó tó di ọdún 1917. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé sì tú pátápátá ní àwọn ọdún 1830, Àtìbà kò jókòó sí ahoro kí ó máa sunkún orísun. Àgọ́ Ọjà ni ó kó lọ, ó sọ ọ́ di Ọ̀yọ́, òun náà ni a sì ń wárí fún. Ìbàdàn tí àwọn ọmọ wa ń lọ yìí, àgọ́ ogun ni ní nǹkan bí ọdún 1829, tí àwọn Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá para pọ̀ wọ̀. Ní 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ. Bí a bá ní kí a yọ gbogbo ìlú tí àwọn aṣíkiri tẹ̀ dó kúrò nínú ilẹ̀ Yorùbá, mélòó ni yóò kù tí a ó máa fi yangàn?

Mo mọ èsì tí ń bọ̀. Wọn yóò ní, “Ogun ni ó lé àwọn wọ̀nyẹn; kí ni ó lé àwọn tiyín?” Kí n má tíì sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn tí a tì pa ní òru. Ẹ jẹ́ kí n mú ẹnìkan tí ogun lé nígbà kan, tí kò sí ogun tí ó lé e nígbà kejì.

Ọmọ Òsogùn ni, kò jìnnà sí Ìṣẹ́yìn, ọmọ agbègbè wa. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, a sì gbé e dé Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti gba orúkọ Samuel Crowther, níbẹ̀ ni ó sì ti gbé Asano ní ìyàwó ní 1829, ẹni tí a sọ ní Susan ní ìrìbọmi, tí òun náà jẹ́ olùkọ́. Ẹ wò wọ́n: wọ́n ní ilé, wọ́n ní ọmọ, wọ́n ní iṣẹ́, wọ́n wà ní àlàáfíà. Bí wọ́n bá dúró sí Sàró títí wọn ó fi kú, ta ni yóò bá wọn wí? Àní, mo gbà pé àwọn kan ní Freetown ti gbọdọ̀ sọ pé inú agbára wa ni a ti kọ́ ọkùnrin yìí, ó sì fẹ́ lọ. Síbẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 1845, tọkọtaya náà gúnlẹ̀ ní Àgbádárìgì. Ọ̀nà dí mọ́ wọn níbẹ̀ fún ọdún kan àti ààbọ̀. Ní 1846 ni wọ́n dé Abẹ́òkúta, ìlú tí kò tíì pé ọdún 20 tí a tẹ̀ ẹ́ dó, tí àwọn méjèèjì kò sì mọ̀ rí. Oṣù yẹn gan-an ni Àjàyí rí Àfàlá ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 25. Bíbélì tí ẹ gbé lọ́wọ́ wá sí ìpàdé náà, tí a parí ìtumọ̀ rẹ̀ ní 1884, Crowther ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Èso ìṣílọ yẹn ni.

Kí n fi ọ̀kan kún un, nítorí a fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí ìwé rẹ̀ nínú Ẹgbẹ́ wa. Samuel Johnson, Hastings ní Sàró ni a bí i sí ní 1846. Bàbá rẹ̀, Henry Johnson, àti aya rẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ọmọ wọn tẹ̀lé David àti Anna Hinderer wá sí Ìbàdàn ní nǹkan bí 1858. Ọmọdékùnrin tí ó bá òbí rẹ̀ ṣí wá yẹn ni ó di àlùfáà ní Ọ̀yọ́, tí ó sì kó ìtàn Yorùbá jọ láti ẹnu àwọn arọ́kin, tí ó parí rẹ̀ ní 1897, tí àbúrò rẹ̀ Obadiah fi jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ohun tí mo kọ sókè yìí nípa Ìgbòho, inú ìwé rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ti kà á. Kì bá ti sí ìwé náà bí Henry àti aya rẹ̀ bá ti fara mọ́ Hastings nítorí ìbẹ̀rù ohun tí aládùúgbò yóò wí.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dun àwọn ènìyàn ní tòótọ́, tí ẹnìkan kò sì sọ jáde nínú ìpàdé. Abẹ́ igi máńgòrò ni mo ti gbọ́ ọ, nígbà tí a túká. Ẹnìkan ní, “Ọkọ ni ó ń tẹ̀lé aya lọ, ó ti di ẹrù tí obìnrin gbé lórí.” Àwọn tí ó dúró tì í rẹ́rìn-ín. Bí ó bá jẹ́ pé ọkùnrin náà ni ó rí iṣẹ́ ní Ìbàdàn, tí ó sì ní kí aya rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ kí ó máa bọ̀, ṣé a ó gbọ́ àbá kan? Ǹjẹ́ a kò ní pa àgbò fún un, kí a sì gbàdúrà pé kí Ọlọ́run lọ ṣáájú rẹ̀? Àìmọye ọkùnrin ni ó ti lọ bẹ́ẹ̀ láti ìlú yìí, tí a kò kà wọ́n sí ìsáǹsá. A sọ àwọn kan nínú wọn di olóyè.

Àlùfáà ni mí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà mí láyè díẹ̀. Nínú orí kejì ìwé Jẹ́nẹ́sísì, ta ni a ní kí ó kúrò ní ilé òbí nígbà tí ìgbéyàwó bá dé? Ọkùnrin ni. Ní gbogbo ọjọ́ ìgbéyàwó ni à ń ka ibẹ̀, a sì ń ṣe bí ẹni pé obìnrin ni a kọ ọ́ sí. Ẹ sì ṣí ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, ẹ wo Akuila àti Priskilla. Kèsárì lé wọn kúrò ní Róòmù, wọ́n dé Kọ́ríńtì, wọ́n ń pa àgọ́ tà níbẹ̀. Láti Kọ́ríńtì wọ́n ṣí lọ sí Éfésù. Tọkọtaya kan, ìlú mẹ́ta, iṣẹ́ ọwọ́ kan náà. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí a ti dárúkọ wọn, orúkọ aya ni ó ṣáájú. Kò sí ibi tí Pọ́ọ̀lù ti fi Akuila ṣe ẹlẹ́yà nítorí èyí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ tẹ̀lé èyí kò rọrùn fún mi. Ní ọdún 19, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ṣí èmi àti aya mi nípò, ẹ̀ẹ̀mẹta láti ọwọ́ Ìjọ, ẹ̀ẹ̀kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe àkóso ilé ẹ̀kọ́. Ìwé kékeré kan ni yóò dé, a ó sì di ẹrù. Nígbà kẹta, aya mi ní ilé ìránṣọ kan pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ márùn-ún, tí gbogbo obìnrin ìlú náà ń kó aṣọ ọdún wá fún. Ó ta ẹ̀rọ mẹ́rin nínú márùn-ún, ó gbé ọ̀kan sórí ẹrù wa, ó sì wọ ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni kò bi í bí ó ti rí lára rẹ̀. Èmi náà kò bi í. Ní ìlú tí a kó lọ, ọdún 2 ni ó fi ń tún ṣòkòtò ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ṣe kí ẹnìkan tó gbé aṣọ olówó wá bá a. Nígbà tí mo sọ ọ̀ràn àbá yìí fún un lẹ́yìn ìpàdé, ó fi orí ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, ó wò mí, ó ní, “Bàbá Ìbídùn, ọkùnrin yẹn ti ṣe ohun tí ẹ kò ṣe.” Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ lórí rẹ̀. N kò rí èsì fún un títí di òní.

Nítorínáà mo bi yín: nígbà tí ìwé láti ọ̀dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù bá ní kí tọkọtaya máa lọ, a ń pè é ní ìpè Olúwa, nígbà tí ìwé láti ọ̀dọ̀ ìjọba bá ní kí wọ́n máa lọ, a ń pè é ní ìgbéga, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ àti aya bá jókòó sí yàrá ara wọn, tí wọ́n gbàdúrà, tí wọ́n gbìmọ̀, tí wọ́n sì pinnu, a ń pè é ní ìsá. Kí ni ó mú kí ìpinnu ẹlòmíràn lórí wọn níyì ju ìpinnu tiwọn lọ?

Àwọn kan nínú wa ń bẹ̀rù pé bí àwọn ọ̀dọ́ bá ń lọ báyìí, ìlú yóò di ahoro. N kò fi ìbẹ̀rù yẹn ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo Èjìgbò. Ìlú wo ni àwọn ọmọ rẹ̀ tún lọ tó bẹ́ẹ̀? Ọkọ̀ ń gbéra láti Èjìgbò lọ tààrà sí Abidjan, àwọn ọmọdé sì wà níbẹ̀ tí èdè Faransé wà lẹ́nu wọn pẹ̀lú Yorùbá. Owó Abidjan ni ó kọ́ ọ̀pọ̀ ilé tí ẹ ń rí ní Èjìgbò. Ẹ bi àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ nípa oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní Ghana ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tọkọtaya tí ó ti fi ìdajì ọjọ́ ayé wọn ṣòwò ní Tamale àti Kumasi di ẹrù wọn, wọ́n sì padà wálé. Ilé wo ni ọ̀pọ̀ wọn wọ̀ sí? Ilé tí àwọn tìkára wọn ti fi owó òkèèrè kọ́ ni. Bí Ògbómọ̀ṣọ́ bá ti yọ orúkọ wọn kúrò nínú ìwé ìlú ní ọjọ́ tí wọ́n wọkọ̀ lọ, ẹsẹ̀ wo ni wọn ì bá fi padà?

N kò wí pé kò sí ìlọ tí ó burú. Ó wà. Ẹni tí ó bá fi òru lọ, tí ìyá rẹ̀ jí ní òwúrọ̀ tí kò bá a, ó ṣe ibi. Ẹni tí ó bá lọ tí kò tún bi àwọn òbí rẹ̀ léèrè mọ́, tí àwọn ará àdúgbò ni ó ń bu oúnjẹ fún wọn, òun gan-an ni kí a bá wí, ì báà jẹ́ Ìbàdàn ni ó lọ tàbí London. Mo sì ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ mi méjì wọ̀nyí nípa ohun kan tí mo kà sí ewu jù gbogbo rẹ̀ lọ. Mo ní kí wọ́n má ṣe fi àwọn ọmọ wọn sí ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀. Irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Ìbàdàn, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Yorùbá, àwọn tí ó ni wọ́n sì ń jẹ́ orúkọ Yorùbá.

Ṣùgbọ́n ṣé Ìbàdàn nìkan ni? Ẹ má bínú sí mi. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan wà ní ìlú wa níhìn-ín, tí a kọ ìkìlọ̀ náà sí ara ògiri rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó tẹ̀lé ìpàdé, mo dúró sí ìdákejì títì, mo ka àwọn ọkọ̀ àti ọ̀kadà tí ń já ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀. Mẹ́rin nínú àwọn tí ó pàtẹ́wọ́ jù lọ ni mo rí tí wọ́n di ọmọ wọn lọ́wọ́ mú wọlé. Ọmọ ọ̀kan nínú wọn kí mi ní Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí mo dá a lóhùn ní Yorùbá, ó bojú wẹ̀yìn wo olùkọ́ rẹ̀ kí ó tó dá mi lóhùn. Ọmọ ọdún 6 ni. Inú ìlú yìí ni a bí i sí, kò tíì sùn ní ìlú mìíràn rí, ó sì ń bẹ̀rù láti sọ èdè bàbá rẹ̀ lójú bàbá rẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ìsáǹsá tí ẹ ó ka orúkọ rẹ̀ sókè, àwọn tí wọ́n ń san owó ilé ẹ̀kọ́ yẹn kò jìnnà. Orí ilé wọn ni wọ́n wà tí wọ́n fi ń sá lọ.

Àwọn kan yóò bi mí bóyá àwọn méjì náà yóò padà wá. N kò mọ̀. Ìyàwó ní òun fẹ́ padà gẹ́gẹ́ bí agbẹ̀bí, mo sì gbà á gbọ́ bí mo ti ń gba ẹni tí kò tíì rìn ọ̀nà náà gbọ́. Ìbàdàn tóbi, ó sì ní ọ̀nà tí ó fi ń di ènìyàn mú. Ọkọ lè rí oníbàárà púpọ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ lè ní ọ̀rẹ́ tí wọn kò fẹ́ fi sílẹ̀. Bí wọ́n bá dúró sí ibẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ wa kan yóò máa gbẹ̀bí fún àwọn ọmọ Yorùbá ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kí wọ́n padà, èwo ni yóò mú wọn wá nínú méjì: orúkọ tí a kà sókè láti fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, tàbí ilé ìgbẹ̀bí tí iná wà nínú rẹ̀ ní òru, tí yàrá agbẹ̀bí sì wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú omi? Owó tí a ó fi tẹ ìwé orúkọ àwọn ìsáǹsá fún àpéjọ ọdọọdún tó láti fi bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀ yàrá náà. Mo ti béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ bíríkìlà.

Nítorínáà, ní ìpàdé tí ń bọ̀, èmi yóò dìde, èmi yóò sì gbé àbá mìíràn sí ipò èyí: kí a kọ iye ọdún sínú ìwé ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ láti ọdún tí ń bọ̀ lọ, kí ẹni tí yóò gbà á mọ ohun tí ó ń gbà, kí a má fi òfin tuntun mú ẹni àná, kí a sì gbé ìgbìmọ̀ ẹni mẹ́ta dìde lórí yàrá agbẹ̀bí, kí ó kéré tán obìnrin méjì wà nínú wọn, nítorí àwọn ni wọ́n mọ bí òru ti gùn tó. Bí a bá bì mí wó nínú ìbò, n kò ní bínú kúrò nínú Ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ka orúkọ àwọn ọmọ náà ní ọjọ́ àpéjọ, kí ó mọ̀ pé èmi yóò wà lórí ìjókòó iwájú, àti pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ni kí ó ka orúkọ tèmi náà.

Ìpàdé yóò jókòó ní ọjọ́ Sátidé kejì oṣù tí ń bọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní gbọ̀ngán tí a máa ń lò. Ṣáájú ìgbà náà, ní Ọjọ́ Ajé tí mo sọ lókè, ọkọ̀ àwọn ọmọ náà yóò gbéra ní gáréèjì ní aago mẹ́fà àárọ̀. Èmi àti aya mi yóò wà níbẹ̀. Aya mi ti rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́ méjì fún àwọn ọmọ wọn, ó sì ní kí n bi yín bóyá ẹnìkan wà nínú Ẹgbẹ́ tí ó ní ẹbí ní apá Mọ́níyà tí ó lè bá wọn wá yàrá méjì tí owó rẹ̀ kò ga jù.